Aago àpótí gíga tó máa ń dúró ní ọjọ́ karùn-ún: ẹ̀rọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu ni àbí àpótí?

OníAago_Leeds

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ nípa aago.

Aago àpótí gíga kan ló wà nílẹ̀ níbí, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní longcase, tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí grandfather clock. Ìdí gbàǹjo ni wọ́n ti rà á. Bó ṣe rí nìyí.

Ojú aago jẹ́ irin tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn, orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 13. Wọ́n ya obìnrin mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nọ́ńbà Róòmù ni wọ́n kọ sí i. Ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ méjì. Orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, "Halifax" nìkan ló ṣì hàn. Láàárín ojú aago àti ẹ̀rọ, awo irin kan wà tí wọ́n kọ "Walker & Hughes" sí lára. Àpótí jẹ́ óákù, àyà rẹ̀ tín-ín-rín, ilẹ̀kùn àyà náà gùn tó ínǹṣì 40. Wéètì méjì ló ń fà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò mẹ́fà.

Ìbéèrè mi nìyí:

Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, á rìn dáadáa títí di Fúráìdé, á wá dúró. Tí mo bá ti pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, á rìn díẹ̀, á tún dúró. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, ó tún di ọjọ́ karùn-ún.

Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré lójúmọ́.

Férémù ilẹ̀kùn orí àpótí bo díẹ̀ lára orí àwọn obìnrin igun yẹn. Ṣé inú àpótí yìí náà ni ẹ̀rọ yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀?

Wọ́n ní kí n fín WD-40 sí i. Ṣé kí n fín in?

Lọ́dún tó ń bọ̀, Ìbàdàn ló ń lọ. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

---

Ìdákọ̀ró30

Ẹ kú ọjà o. Ẹ má tíì tú ṣíkírúù kankan. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wéètì méjèèjì máa ń wà tí aago bá dúró. Ẹ̀gbẹ́ àwo ìsàlẹ̀ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù gan-an lẹ máa bá wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbá tí okùn wé mọ́ máa ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 12, torí pé jíà ńlá ara rẹ̀ ní eyín 96, píníọ̀n àárín (jíà kékeré tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan) tó sì ń yí ní eyín 8. Okùn wé mọ́ àgbá yẹn nígbà 16, ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Àgbá náà fẹ̀ tó bí ínǹṣì 2, nítorí náà okùn tó ń tú lára rẹ̀ ní ìyípo kan á lé díẹ̀ ní ínǹṣì 6. Àmọ́ okùn ọ̀hún gba inú púlì wéètì kọjá, ó padà gòkè lọ so mọ́ pákó tí ẹ̀rọ jókòó lé, torí náà ìdajì ni wéètì fi ń sọ̀kalẹ̀. Ìyípo méjì lójúmọ́, ìdajì rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16 lójúmọ́. Tí àárín wéètì bá bẹ̀rẹ̀ ní ínǹṣì 10 sábẹ́ pákó, lọ́jọ́ karùn-ún á ti wà ní nǹkan bí ínǹṣì 41. Gígùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó ń lu ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 39 àti díẹ̀, ìyẹn mílímítà 994. Ṣé ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ?

Ohunkóhun tó bá so rọ̀ ní gígùn kan náà, bákan náà ni yóò máa fì. Lọ́jọ́ karùn-ún, wéètì méjèèjì ti di pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù lásán. Tí àpótí bá dúró gbọnin, kò sí wàhálà. Tó bá lè mì, bó ti wù kó kéré mọ, àní bí nínípọn ìwé pélébé kan, pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù á máa ti àpótí, àpótí á máa ti wéètì, wéètì á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, agbára tó yẹ kó gbé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù á lọ sọ́dọ̀ wéètì. Lẹ́yìn náà aago á kú. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, wéètì á gòkè kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń "sàn". Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tú ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àyà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bí wéètì bá ń fì lọ fì bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ẹjọ́ ti dá. Ẹ tún gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ orí àpótí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń mì.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ dè é mọ́ ògiri. Ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní pákó ìsàlẹ̀ ògiri tí kì í jẹ́ kí àpótí súnmọ́ ògiri. Torí náà, ẹ wá igi pẹlẹbẹ kan tó nípọn bí àlàfo tó wà láàárín pákó ẹ̀yìn àpótí àti ògiri, ẹ fi sẹ́yìn ní òkè, níbi tó súnmọ́ pákó ìjókòó ẹ̀rọ. Òkè ni o, kì í ṣe ìsàlẹ̀, torí òkè ni pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ti so. Ẹ wo pákó ẹ̀yìn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò tuntun. Aago tó ti tó igba ọdún kì í ṣàìní ihò mẹ́ta mẹ́rin tí àwọn tó ti ni ín rí ti gbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni kẹ́ ẹ lò. Ṣíkírúù méjì tó gba inú pákó ẹ̀yìn àti igi yẹn kọjá wọ ògiri ti tó. Kó fara mọ́ ògiri ni, ẹ má fún un débi tí pákó ẹ̀yìn á fi tẹ̀.

Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó dè é. Tí kápẹ́ẹ̀tì bá wà nílẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ oní-ìṣó tí wọ́n fi di kápẹ́ẹ̀tì mú máa ń wà ní etí ògiri lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gun igi yẹn, ẹsẹ̀ iwájú á jókòó sórí fóòmù, àpótí á wá tẹ̀ síwájú. Ẹ fi pákó ṣínṣín bọ abẹ́ ẹsẹ̀ iwájú títí spirit level á fi tọ́ lórí pákó ìjókòó. Kì í ṣe orí àpótí lẹ ti máa wọ̀n ọ́n o, torí orí àpótí ò tọ́ rí.

Lẹ́yìn tí àpótí bá ti dúró gbọnin ni kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Tíkì... tọ́kì" gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tó bá ń sọ "tíkì-tọ́kì... tíkì-tọ́kì" bí ẹni tó ń tiro, àmúga tó di ọ̀pá pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù mú ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló wọ́. Ẹ fi káàdì kékeré sẹ́yìn ìdí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ẹ sàmì sí ibi tó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fà á sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "tíkì", ẹ sàmì. Ẹ fà á sósì, ẹ sàmì. Tí ọ̀tún àti òsì kò bá dọ́gba, ẹ fi ọwọ́ kan di òkè àmúga mú kí wàhálà má lọ sára ìdákọ̀ró (irin tó ń gba eyín jíà lọ́kọ̀ọ̀kan), ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá burú sí i, òdìkejì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí.

Tó bá wá ṣì ń dúró lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, nígbà náà la ó tó bi ẹ̀rọ léèrè. Ibi méjì ló sábà máa ń jẹ. Àkọ́kọ́ ni èékánná ìdákọ̀ró tó ń gba eyín jíà eléyín 30: eyín á ti ha á di kòtò kékeré, èékánná tuntun ò rí bẹ́ẹ̀, á máa dán bíi dígí. Èkejì ni ihò tí ẹnu ọ̀pá jíà ń yí nínú rẹ̀. Idẹ á ti jẹ, ihò á gùn bí ẹyin. Ẹ yọ wéètì, ẹ fi ìka ti jíà ńlá síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́, ẹ wo ẹnu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń fò láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ń wá búṣìn (òrùka idẹ kékeré inú ihò) tuntun. Iṣẹ́ alátùn-únṣe aago nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé pátápátá ni kẹ́ ẹ fi wéètì tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i kó lè "ní agbára". Láàárín kílò márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà àti díẹ̀ ni aago ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ń lò. Èyí tó bá nílò ju ìyẹn lọ, ìdọ̀tí tàbí ìjẹ ló ń bá jà, ẹ ó kàn mú kó tètè jẹ sí i ni.

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Igun

Ìdákọ̀ró30 ti sọ ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ n mú ti àpótí. Èmi ò tíì rí fọ́tò, àmọ́ látinú ohun tẹ́ ẹ kọ nìkan, àpótí àti ẹ̀rọ yín fẹ́ ara wọn ni, wọn ò bí wọn papọ̀. "Marriage" náà ni àwọn oníṣòwò ń pè é.

Ẹ wò ó. Ọdún 1772 ni Osborne àti Wilson ti Birmingham polówó ojú aago funfun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ṣáájú ìyẹn, idẹ ni ojú aago, òrùka nọ́ńbà rẹ̀ funfun bíi fàdákà, àwọn ẹ̀ṣọ́ idẹ tí wọ́n dà sì wà ní igun. Àwọn ará Birmingham ló ń kun ojú aago tà fún oníṣẹ́ aago ìlú kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ẹsẹ̀ ojú aago kì í sábà bọ́ sí ibi tí ẹ̀rọ oníṣẹ́ aago fẹ́, wọ́n á fi awo irin kan sí àárín. Awo yẹn lẹ bá "Walker & Hughes" lára. Àwọn náà jẹ́ ará Birmingham, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé orúkọ inú rẹ̀ jẹ́ ti akunjú, orúkọ ojú rẹ̀ jẹ́ ti oníṣẹ́ aago tàbí ẹni tó tà á ní Halifax. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Walker & Hughes ló ṣe ẹ̀rọ.

Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn ni Yúróòpù, Éṣíà, Amẹ́ríkà àti Áfíríkà. Aláwọ̀ dúdú yẹn ni Áfíríkà, bó ṣe rí lọ́kàn ayàwòrán Birmingham. Wọ́n fẹ́ràn irú àwòrán tó kún igun báyìí láti nǹkan bí ọdún 1820 lọ sókè. Ṣáájú rẹ̀, òdòdó ni, tàbí ẹ̀ṣọ́ wúrà tó yọ sókè díẹ̀, tàbí àwòrán bí abẹ̀bẹ̀. Ojú ínǹṣì 13 náà bá àkókò yẹn mu, torí bí ọdún ṣe ń lọ ni ojú aago ń fẹ̀ sí i: ínǹṣì 10 ní ọ̀rúndún 17, 11 àti 12 ní ọ̀rúndún 18, 13 àti 14 lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpótí yín ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní Yorkshire, àgbègbè tí Halifax wà, láyé ọdún 1830, àpótí ti sanra, àyà rẹ̀ fẹ̀, ilẹ̀kùn àyà ti kúrú, ó fẹ̀ bí àpò ìwé. Àyà tín-ín-rín pẹ̀lú ilẹ̀kùn ínǹṣì 40 jẹ́ ti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ṣáájú. Ojú ínǹṣì 12 ló ti wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ki ti ínǹṣì 13 bọ̀ ọ́. Ààbọ̀ ínǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òun ló bo orí àwọn obìnrin yẹn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ fa orí àpótí síwájú, á yọ, torí ṣe ló ń yọ́ lórí igi méjì. Ẹ wo ibi tí pákó ìjókòó gbé orí lé. Ẹ̀gbẹ́ àpótí méjèèjì ló yọ sókè láti gbé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ là ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá ti fi igi kékeré lé orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti gbé ẹ̀rọ sókè, tàbí tí wọ́n ti fi ayùn gé e sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ wo pákó ìjókòó fúnra rẹ̀: ihò méjì fún okùn, ihò fún bóòtù tó di ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó parí. Tí ihò tí kò ní iṣẹ́ bá wà, pákó náà ti sìn ẹ̀rọ méjì. Ẹ tún wo pákó ẹ̀yìn nínú àyà. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó ti fì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń ha ibì kan. Tí àpá ìha yẹn bá ga tàbí rẹlẹ̀ ju ibi tí àwo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù yín wà lónìí, ó ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyẹn ò sọ ọ́ di òfo o. Ó kàn já owó rẹ̀ wálẹ̀, kò já ohùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan fá férémù ilẹ̀kùn orí láti fi orí àwọn obìnrin yẹn hàn. Ojú aago àtijọ́ tó bá a mu ṣì lè wá lọ́jọ́ kan, igi tẹ́ ẹ bá ti fá ò ní padà.

Ojú aago yẹn, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, ẹ má fi spirit kàn án. Nọ́ńbà àti orúkọ ló kẹ́yìn tí wọ́n kọ sórí ọ̀dà funfun, àwọn náà ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Bí orúkọ oníṣẹ́ aago yín ṣe parẹ́ tí "Halifax" kù yìí, ó jọ pé ẹnì kan ti nù ún rí. Búrọ́ṣì tó rọ̀ láti fi gbọn eruku ti tó.

Ẹ wo ìdí àpótí náà. Òyìnbó ìgbà yẹn ń fi omi nu ilẹ̀ òkúta, ẹsẹ̀ àpótí á máa mu omi, á jẹrà, wọ́n á gé e kúrò. Bó bá jẹ́ pé ìdí rẹ̀ kúrú jù fún gíga rẹ̀, wọ́n ti gé e. Ihò kékeré róbótó bí orí abẹ́rẹ́ńlá jẹ́ ti kòkòrò ajẹgi. Tí ìyẹ̀fun igi tuntun tó mọ́ lójú bá ń dà nínú rẹ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè níbẹ̀. Tí ihò bá ti dúdú, tí kò sí ìyẹ̀fun, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ.

---

Ìyá_Alágogo

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ku ti sísáré, ti epo àti ti Ìbàdàn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lójúmọ́ kì í ṣe àìsàn. Ní pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó gùn tó mílímítà 994, mílímítà kan ló ń yí aago padà ní ìṣẹ́jú àáyá 43 lójúmọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin jẹ́ àáyá 240. Ẹ pín in sí 43, mílímítà márùn-ún ààbọ̀ ni. Àwo ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di àwo mú kí sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rọ̀ má bàa lọ́, ẹ fi èkejì tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sára ọ̀pá ní etí àwo. Ohun tó sábà ń tan èèyàn jẹ nìyí: nọ́ọ̀tì á sọ̀kalẹ̀, àwo á há mọ́ ọ̀pá nítorí ìpẹtà, kò ní tẹ̀ lé e, aago á sì máa sáré lọ. Tí ìlà lẹ́ẹ̀dì ò bá tíì kúrò létí àwo, ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ títí á fi bọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kékeré aago tún wákàtí ṣe, ọwọ́ ńlá ni. Tó bá sì ti sáré, ẹ dá pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù dúró kí àkókò bá a níbẹ̀, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa yí ọwọ́ ńlá sẹ́yìn gba orí 12. Nínú ẹ̀rọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ, ráàkì kan (irin eléyín) máa ń já bọ́ sórí irin kékeré tí wọ́n gé ní àtẹ̀gùn 12, ìgbín lorúkọ rẹ̀, torí ìrísí rẹ̀. Bí ráàkì bá ṣe jìn tó lórí ìgbín ni agogo á ṣe lù tó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wéètì agogo, tòsì, dé ilẹ̀ tí tọ̀tún ṣì ń rìn. Ráàkì á já bọ́, kò ní sí agbára láti kó o padà, tó bá wá di láàárín aago méjìlá sí aago kan, ìrù rẹ̀ á há mọ́ àtẹ̀gùn gíga ìgbín, aago á dúró gbọnrangandan. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀tún àti òsì, ẹ yí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á jọ máa sọ̀kalẹ̀ ni, torí àgbá agogo náà ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 12: jíà eyín 78, píníọ̀n eyín 8, jíà tó ní pínnì 8 tó ń gbé òòlù. 78 náà ni gbogbo ohùn tí agogo ń lù láti aago kan dé aago méjìlá, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

WD-40? Rárá o. Epo fẹ́ẹ́rẹ́ ni, á fọ́n kiri, á gbé eruku lẹ̀, á sì gbẹ di ẹrẹ̀ líle. Epo aago tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán ẹyọ kan sí ihò ẹnu ọ̀pá jíà kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, ẹyọ kan sí èékánná ìdákọ̀ró kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sí ibi tí àmúga ti kan ọ̀pá pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Eyín jíà àti eyín píníọ̀n, ẹ má kàn wọ́n rárá. Eruku tó bá lẹ̀ mọ́ epo níbẹ̀ á há sínú idẹ, á di bí sáńpéépà, á máa jẹ píníọ̀n irin. Ẹ rántí pé epo tuntun lórí ẹrẹ̀ àtijọ́ kò ju ẹrẹ̀ tuntun lọ. Tí epo inú rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti di àwọ̀ ewé lára idẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi òmíràn sí i.

Ó wá kan ti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó máa yà yín lẹ́nu: aago yín á falẹ̀ lọ́hùn-ún, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 1672, Jean Richer, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé aago oní-pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù láti Paris lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ falẹ̀ lójúmọ́. Agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan sílẹ̀ dín kù ní àgbègbè àárín ayé. Láti Leeds sí Ìbàdàn, ìṣírò rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 25 lójúmọ́. Ooru á fi díẹ̀ kún un: ọ̀pá irin máa ń gùn, ìwọ̀n Celsius 10 ju ti Leeds lọ á mú àáyá márùn-ún wá lójúmọ́. Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tán ní Leeds, ẹ gbé àwo gòkè ní mílímítà mẹ́ta àti díẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé Ìbàdàn. (Ẹni tó bá ya ọ̀lẹ lè gbé e lọ bó ṣe wà yìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi ń sáré á di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀!)

Bẹ́ ẹ bá ń tú u fún ìrìn àjò: ẹ yọ wéètì kọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá wà ní àárín ilẹ̀kùn àyà, kó lè rọrùn. Ẹ fi téèpù di okùn mọ́ àgbá kó má bàa lọ́ mọ́ra. Ẹ gbé pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù sókè díẹ̀, ẹ yọ sípíríǹgì rẹ̀ kúrò ní ojú ihò tó há sí, ẹ sì rọra mú un sọ̀kalẹ̀ gba inú àmúga. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù: wéètì ló ń di ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti yọ wọ́n, tí pákó ìjókòó kò sì ní ìṣó, ojú aago tó wúwo níwájú á fa gbogbo ẹ̀rọ ṣubú síwájú bí ẹni tó ń tòògbé. Kí ẹnì kan fọwọ́ dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ gbé ẹ̀rọ pẹ̀lú pákó ìjókòó rẹ̀ pọ̀, ẹ má yà wọ́n. Àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, wéètì tirẹ̀ lọ́tọ̀ pátápátá.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ọ̀yẹ́ ni mo bẹ̀rù fún àpótí ju òjò lọ. Óákù gidi á sún kì, pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti kàn mọ́ igi ẹ̀gbẹ́ á sì là láàárín. Tó bá ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ mahogany tí wọ́n lẹ̀ yí ilẹ̀kùn ká, àtè awọ ẹran ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ooru àti ọ̀yẹ́ á ṣí i. Àtè kan náà ni kí káfíńtà yín lò láti lẹ̀ ẹ́ padà, kì í ṣe gúlù funfun, torí ti àtijọ́ ṣeé tú. Ẹ má gbé e sí ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́ sí lára, ẹ má sì jẹ́ kó kan ilẹ̀ àti ògiri tààrà, ikán Ìbàdàn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀rúndún 18.

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Igun

Ẹ ṣeun, Màmá. Lórí mahogany yẹn: kì í ṣe ọ̀gànwó wa o, àmọ́ ìdílé kan náà ni wọ́n. Láti ọdún 1721 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú owó orí kúrò lórí igi tó ń ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà wá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé rẹpẹtẹ, ti Jamaica ṣáájú. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀gànwó dí ibi tó bá já lè ṣe é, kò ní hàn púpọ̀, àmọ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

---

OníAago_Leeds

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀: wéètì ń fì, tọ̀tún tó bí ìbú ìka kan, tòsì kò tó bẹ́ẹ̀. Igi oní-ìṣó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, àpótí sì tẹ̀ síwájú. Pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú báyìí, ṣíkírúù méjì wà lókè (ihò márùn-ún ni mo bá lára pákó ẹ̀yìn). Fúráìdé kọjá, Sátidé kọjá, ó ṣì ń rìn. Àwo ṣì há mọ́ ọ̀pá, ìlà lẹ́ẹ̀dì ò kúrò.

Orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, igi páìnì kékeré kan wà tó ga tó ínǹṣì kan, tọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Pákó ìjókòó ní ihò méjì tí kò ní iṣẹ́. Àpá ìha tó wà lára pákó ẹ̀yìn fi nǹkan bí ínǹṣì méjì rẹlẹ̀ ju àwo lọ. Ṣé kí n yọ igi páìnì yẹn?

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Igun

Ẹ má yọ ọ́. Òun ló gbé ojú aago dé ọ̀gangan férémù. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ̀rọ á rẹlẹ̀ ní ínǹṣì kan, férémù ìsàlẹ̀ á bo nọ́ńbà. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ihò pákó ìjókòó àti àpá ìha yẹn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé pélébé, pẹ̀lú ọjọ́ àti mílímítà tí àwo wà, ẹ fi sínú àpò ìwé, ẹ fi téèpù so ó mọ́ inú ilẹ̀kùn àyà. Alátùn-únṣe tó bá ṣí i ní Ìbàdàn á mọ ohun tó ń bá ṣiṣẹ́.

---

Ìdákọ̀ró30

Àwo tó há: ẹ yọ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù kúrò pátápátá, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ, ẹ kán epo sí ẹnu ibi tí ọ̀pá ti wọ àwo, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó rọra tì í. Ẹ má lù ú nígbà tó ṣì so rọ̀, sípíríǹgì òkè yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ, tó bá ti ṣẹ́ po báyìí, aago á máa mì bí ọ̀mùtí.